Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣí Iṣẹ́ Ìwádìí Yín Sílẹ̀ fún Gbogbo Ayé

Ẹ ti rí i rí. Ẹ ń wá àpilẹ̀kọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ohun tí ẹ ń wá mu rẹ́gí, ẹ tẹ líǹkì rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà ẹ forí sọ ògiri: ẹ sanwó kí ẹ tó ka ojú-ìwé mẹ́wàá. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ náà kì í gba nǹkan kan nínú owó yẹn. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tó yẹ iṣẹ́ náà wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ kì í sábà gbowó pẹ̀lú. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀, bó bá ti kúrò ní yunifásítì tó ń san owó jọ́nà náà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí àpilẹ̀kọ náà jáde nínú rẹ̀, kò ní lè wọlé ka ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Àgbẹ̀ wo ló ń ro oko tán tí wọ́n á tún ní kó ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó wọ oko ọ̀hún?

Nígbà kan, owó yẹn nídìí. Láti 1665, nígbà tí Journal des sçavans bẹ̀rẹ̀ ní Paris, tí Philosophical Transactions sì tẹ̀lé e ní London, bébà, tàdáwà, iṣẹ́ ìtẹ̀wé àti ìfiránṣẹ́ ló ń náni lówó. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ló ní iye tó ń jẹ. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀dà àkọ́kọ́ nìkan ló ń náni lówó. Ẹ̀dà ẹgbẹ̀rún kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ná ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Paul Ginsparg lo àǹfààní yìí ní 1991: ó ṣí ibì kan sórí kọ̀ǹpútà ní ilé ìwádìí Los Alamos ní Amẹ́ríkà, tí àwọn onímọ̀ físíìsì ti lè kó iṣẹ́ wọn sí fún ara wọn kí jọ́nà tó tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ la mọ̀ sí arXiv lónìí. Ní oṣù Kejì 2002, ìkéde kan jáde lẹ́yìn ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Budapest, òun ló sì fi ìdí orúkọ náà, open access, múlẹ̀: ìwé ìwádìí tí ẹnikẹ́ni lè kà, kó wà á sórí ẹ̀rọ rẹ̀, kó dà á kọ, kó sì pín in fún ẹlòmíràn, láìsanwó, láìtún lọ gbàṣẹ.

Ẹni tó ní iṣẹ́ ìwádìí lọ́wọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ àpilẹ̀kọ àkọ́kọ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ ẹni tó ti tẹ ogún jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣí iṣẹ́ wọn sílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n san owó gọbọi. Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń sanwó

Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí máa ń fi àwọ̀ pe ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Jọ́nà "wúrà" ni èyí tó ṣí gbogbo àpilẹ̀kọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá jáde gan-an. Àwọn ilé-iṣẹ́ atẹ̀wéjáde ńláńlá máa ń gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé fún un. APC (article processing charge) ni wọ́n ń pe owó náà. Jọ́nà "dáyámọ́ńdì" náà ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ kì í gbowó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, kì í gbà á lọ́wọ́ òǹkàwé. Yunifásítì, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tàbí ìjọba ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Báyìí ni ọ̀pọ̀ jọ́nà tó wà nínú SciELO, àkójọ jọ́nà tó bẹ̀rẹ̀ ní Brazil ní ìparí àwọn ọdún 1990, ṣe ń rìn tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fún un lórúkọ òkúta iyebíye. Ọ̀nà "ewé" (àwọ̀ ewé, green) ni kí ẹ tẹ iṣẹ́ yín jáde nínú jọ́nà tó bá wù yín, kí ẹ wá fọwọ́ ara yín gbé ẹ̀dà kan sí àká ìwádìí tí gbogbo ayé lè wọ̀.

Ó ku méjì. "Idẹ" ni àpilẹ̀kọ tí atẹ̀wé kàn ṣí fún kíkà, láìsí láísẹ́ǹsì, ìyẹn ìwé ìyọ̀ǹda, kankan lórí rẹ̀. Ó lè tì í padà lọ́la. Èkejì ni hybrid, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ fura sí jù. Jọ́nà tí àwọn ilé-ìkàwé ṣì ń sanwó fún ni, àmọ́ bí ẹ bá san owó tiyín, wọ́n á ṣí àpilẹ̀kọ tiyín nìkan. Jọ́nà kan, àpò méjì. Ní 2020, jọ́nà sáyẹ́ǹsì Nature kéde pé òun á máa gba €9,500 lórí àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo fún irú ìṣísílẹ̀ yìí. Ògiri ọjọ́un kò wó o. Iwájú òǹkàwé ni wọ́n ti gbé e kúrò, wọ́n gbé e síwájú òǹkọ̀wé.

Nítorí náà, ẹ má fi hybrid ṣe ìpinnu àkọ́kọ́. Dáyámọ́ńdì tàbí ewé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ gba nọ́ńbà ORCID

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Láti 2012 ni wọ́n ti ń fún àwọn olùwádìí ní nọ́ńbà onídíjíìtì 16 yìí, tó máa ń tẹ̀lé èèyàn láti ibiṣẹ́ kan dé òmíràn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ní àmì lórí tàbí nísàlẹ̀ ló máa mọ rírì rẹ̀ jù: jọ́nà kan á kọ orúkọ náà pẹ̀lú àmì, èkejì á yọ àmì kúrò, ẹ̀kẹta á sọ lẹ́tà tí kò mọ̀ di àmì ìbéèrè, ẹ̀rọ ìwákiri á sì gbà pé èèyàn mẹ́ta ni wọ́n. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kó wọn jọ padà.

Ẹ yẹ jọ́nà wò kí jọ́nà tó yẹ̀ yín wò

Nígbà tó ti di pé òǹkọ̀wé ló ń sanwó, àwọn kan rí i pé kò pọn dandan kí àwọn ka ìwé rárá kí àwọn tó gbowó. Wọ́n á ṣí ojú-ìwé ayélujára, wọ́n á fún un ní orúkọ tó dún bí ti jọ́nà àtàtà, wọ́n á máa fi ímeèlì tọ èèyàn lẹ́yìn: "Ọ̀jọ̀gbọ́n ọ̀wọ́n, a ti ka iṣẹ́ ribiribi yín..." Ní 2013, oníròyìn kan tó ń jẹ́ John Bohannon kọ àpilẹ̀kọ ayédèrú tí àṣìṣe inú rẹ̀ hàn gbangba, ó fi oríṣiríṣi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí jọ́nà open access 304. Jọ́nà 157 ló tẹ́wọ́ gbà á. Òótọ́ ni pé kò fi ránṣẹ́ sí jọ́nà olówó àsansílẹ̀, nítorí náà a ò lè fi ìyẹn sọ pé àwọn yẹn mọ́ ju àwọn tó kù lọ. Síbẹ̀, 157 kì í ṣe eré.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí. Mo máa ń wá jọ́nà náà nínú DOAJ, àkójọ jọ́nà open access tó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Lund ní Sweden ní 2003. Àwọn tó ń bójú tó o máa ń yẹ jọ́nà wò kí wọ́n tó gbà á wọlé, wọ́n sì ń yọ èyí tó bá ṣẹ̀ kúrò. Bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ó ju ìdajì jọ́nà inú rẹ̀ lọ tí kì í gba owó APC rárá, DOAJ sì ní ibi tí ẹ ti lè ṣẹ́ àwọn yẹn sọ́tọ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kò sí jọ́nà ọ̀fẹ́ nínú ẹ̀ka tiyín, ẹ bi í bóyá ó ti wá a níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo máa ń ka àpilẹ̀kọ méjì tàbí mẹ́ta tí jọ́nà náà tẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́. Kì í ṣe àkòrí o, àpilẹ̀kọ fúnra rẹ̀. Bí ohun tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ èyí tí ẹ máa ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì lọ tún kọ, ẹ ti rí ìdáhùn. Ẹ mú orúkọ ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ olóòtú, kí ẹ lọ wo ojú-ìwé tirẹ̀ ní yunifásítì rẹ̀ bóyá ó mọ̀ pé òun wà nínú ìgbìmọ̀ ọ̀hún. Àwọn kan wà tí wọn ò mọ̀ rárá. Jọ́nà tó bá ṣèlérí pé àyẹ̀wò á parí láàárín ọjọ́ mẹ́ta, irọ́ ló ń pa. Jọ́nà tí kò bá kọ iye owó rẹ̀ síbi tí ojú ti lè rí i kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Nọ́ńbà ISSN (tí a fi ń dá jọ́nà mọ̀) tàbí DOI (tí a fi ń dá àpilẹ̀kọ tàbí fáìlì kọ̀ọ̀kan mọ̀) kì í ṣe ẹ̀rí pé jọ́nà dára. Gbogbo ẹni tó bá béèrè fún ISSN ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí i gbà. Ẹ sì ṣọ́ra fún ayédèrú ojú-ìwé: àwọn gbájú-ẹ̀ máa ń da ojú-ìwé jọ́nà gidi kọ, wọ́n á lo orúkọ rẹ̀ àti ISSN rẹ̀, wọ́n á sì máa gba owó. Inú DOAJ ni kí ẹ ti tẹ líǹkì lọ sí jọ́nà, kì í ṣe inú ímeèlì tó dédé wọlé.

Bó bá jẹ́ jọ́nà tó ń gba APC náà ni ọkàn yín fẹ́, ẹ béèrè fún ìdáríjì owó kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ní ètò bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó wà ní orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́ tàbí ẹni tí kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kankan, àmọ́ wọn kì í pariwo rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba iṣẹ́ wọlé, ohùn wọn máa ń yí padà.

Bóyá kí ẹ gbé e síta ṣáájú

Preprint ni ẹ̀dà tí ẹ gbé síta kí àwọn akẹgbẹ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Yàtọ̀ sí arXiv, bioRxiv wà fún ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí láti 2013, medRxiv sì wà fún ìṣègùn láti 2019. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ọjọ́ tí ẹ gbé e sókè wà lákọsílẹ̀; ẹnikẹ́ni ò lè wá sọ lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá pé òun ló kọ́kọ́ rí i. Àwọn èèyàn á sì bá yín rí àṣìṣe nígbà tí ó ṣì ṣeé tún ṣe.

Ewu rẹ̀ hàn nígbà àrùn Kòrónà. Ní ìparí oṣù Kìíní 2020, àpilẹ̀kọ kan jáde lórí bioRxiv tó ń sọ pé kòkòrò àrùn náà jọ HIV ní àwọn ọ̀nà kan tó ń kọni lóminú. Àwọn onímọ̀ gbógun tì í lójú ẹsẹ̀, àwọn tó kọ ọ́ sì fà á padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti fò lọ. Bí iṣẹ́ yín bá kan ìlera, tí ẹni tó bá kà á lè gbé oògùn mì tàbí kó dáwọ́ oògùn dúró nítorí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò parí ná. Bó bá jẹ́ ìṣirò tàbí gírámà èdè ni, mi ò rí ohun tí ẹ ń dúró dè. Kí ẹ ṣáà kọ́kọ́ ka òfin jọ́nà tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ rí i pé wọ́n fàyè gba preprint. Ọ̀pọ̀ wọn fàyè gbà á.

Ẹ ka ìwé àdéhùn kí ẹ tó fọwọ́ sí i

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tẹ́wọ́ gba àpilẹ̀kọ yín, inú yín á dùn, ímeèlì kan á sì wọlé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Ayọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń mú èèyàn. Èmi náà ti fọwọ́ sí irú rẹ̀ rí láìkà á dé ìsàlẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo fẹ́ lo àwòrán tí èmi fúnra mi yà nínú ìwé mìíràn, wọ́n ní kí n wá gbàṣẹ.

Ẹ wò ó bóyá ẹ̀tọ́ àdàkọ ni ẹ ń gbé fún atẹ̀wé pátápátá, àbí ìyọ̀ǹda láti tẹ̀ ẹ́ nìkan. Méjèèjì kì í ṣe ohun kan náà. Nínú èyí àkọ́kọ́, iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ yín. Nínú èkejì, ẹ̀yin lẹ ṣì ni ín. Kò sí ohun tó ní kí ẹ má béèrè fún èkejì. Ohun tó burú jù tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé kí wọ́n ní rárá.

Ọ̀nà kan tún wà tí agbára rẹ̀ ju ẹ̀bẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ cOAlition S, àwọn tó ń fowó ṣètìlẹyìn fún ìwádìí tí wọ́n gbé Plan S, ètò wọn láti ṣí ìwádìí sílẹ̀, kalẹ̀ ní 2018, ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀, àmọ́ kò dìgbà tí wọ́n bá fún yín lówó kí ẹ tó lò ó. Lọ́jọ́ tí ẹ ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ gan-an, ẹ kọ gbólóhùn kan sínú lẹ́tà sí olóòtú àti sí ìsàlẹ̀ àpilẹ̀kọ, ní èdè tí jọ́nà náà ń lò: "Kí iṣẹ́ yìí lè wà ní ṣíṣí sílẹ̀, òǹkọ̀wé ti fi láísẹ́ǹsì CC BY sórí ẹ̀dà èyíkéyìí tí a bá tẹ́wọ́ gbà láti inú ohun tí a fi ránṣẹ́ yìí." Nípa bẹ́ẹ̀, ìyọ̀ǹda yín ti wà nílẹ̀ kí àdéhùn tiwọn tó dé. Jọ́nà mìíràn lè torí ìyẹn dá iṣẹ́ náà padà, nítorí náà ẹ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Bí wọn ò bá sì dá a padà, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ ka fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ nígbà tó yá; ẹ má fọwọ́ ara yín fagi lé ohun tí ẹ ti kọ.

Láísẹ́ǹsì Creative Commons, tí CC dúró fún, wà láti 2002, lẹ́tà tó wà lórí wọn ló sì ń sọ ohun tí wọ́n ń ṣe. BY: kí ẹni tó bá lò ó dárúkọ yín. SA: bó bá fi ṣe nǹkan mìíràn, kó fi irú láísẹ́ǹsì kan náà sórí rẹ̀. NC: kó má fi tajà. ND: kó má yí i padà. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń sáré mú ND nítorí wọ́n rò pé ó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ wọn. Wọn ò rò ó pé ìtumọ̀ náà jẹ́ ìyípadà. Ẹni tó bá fẹ́ tú iṣẹ́ yín sí èdè mìíràn kó sì gbé e jáde, ND ti dí i lọ́nà àfi tó bá wá yín rí. Fún iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò gbọ́ èdè tí ẹ fi kọ ọ́, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ND láéláé.

Ẹ fi ẹ̀dà kan sí àká

Ẹ̀dà mẹ́ta ni àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan máa ń ní. Èyí tí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Èyí tí ẹ ti tún ṣe lẹ́yìn àyẹ̀wò, tí olóòtú sì ti tẹ́wọ́ gbà. Àti èyí tí jọ́nà tò dáadáa pẹ̀lú àmì-ìdánimọ̀ rẹ̀. Ẹ̀dà ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ni ìṣúra yín. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ àti ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, òun sì ni ọ̀pọ̀ atẹ̀wé fàyè gbà kí ẹ gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́, bóyá lọ́jọ́ náà gan-an, bóyá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan. Ó jẹ́ ohun ìbànújẹ́ pé òun náà ni fáìlì tí èèyàn máa ń sọ nù jù. Ẹ fún un lórúkọ tó yé yín lọ́jọ́ tí ìròyìn ayọ̀ bá dé, kí ẹ sì fi pamọ́ síbi méjì.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí jọ́nà kan fàyè gbà, ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú Open Policy Finder, èyí tí wọ́n ń pè ní Sherpa Romeo tẹ́lẹ̀. Ó máa sọ ẹ̀dà tí ẹ lè gbé síta, ibi tí ẹ lè gbé e sí àti iye oṣù tí ẹ máa dúró. Ẹ bi àwọn tó fún yín lówó ìwádìí náà pẹ̀lú, nítorí òfin tiwọn lè le ju ti jọ́nà lọ: láti oṣù Keje 2025, NIH, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fowó sí ìwádìí ìlera, ń béèrè pé kí àpilẹ̀kọ tó bá ti ara owó rẹ̀ jáde wà fún gbogbo èèyàn nínú àká PubMed Central lọ́jọ́ tí jọ́nà bá tẹ̀ ẹ́, láìsí ìdádúró kankan.

Bí yunifásítì yín bá ní àká, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ; àwọn olùtọ́jú ìwé tó wà nídìí rẹ̀ mọ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ju ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Bí kò bá ní, àká Zenodo wà, èyí tí CERN, ilé ìwádìí físíìsì ní Yúróòpù, ti ń gbàlejò láti 2013. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń gba iṣẹ́ láti ẹ̀ka ìmọ̀ gbogbo, ó sì máa fún fáìlì yín ní DOI. Dátà àti kóòdù tí ẹ lò náà lè wọ ibẹ̀. Àwọn ojú-ìwé ìbárapàdé tí àwọn onímọ̀ ti ń tẹ̀lé ara wọn kì í ṣe àká o. Ilé ìtajà ni wọ́n, wọ́n sì lè ti ilẹ̀kùn nígbà tó bá wù wọ́n.

Má-ṣe-é-lọ́la ni iṣẹ́ yìí. Àwọn olùwádìí kan ka iye jọ́nà open access tó pòórá lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín 2000 sí 2019 láìsí ẹni tó tọ́jú ẹ̀dà wọn dáadáa, wọ́n rí èyí tó lé ní 170. Ohun tó wà ní ṣíṣí lónìí lè di àwátì lọ́la bí kò bá wà ju ojú kan lọ.

Àwọn ìgbìmọ̀ ìgbéga ńkọ́?

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù nìyí, ó sì tọ́. Láti 2013 ni DORA, ìkéde kan lórí bí a ṣe ń díwọ̀n ìwádìí, ti ń sọ pé kí a yéé fi òkìkí jọ́nà díwọ̀n iṣẹ́ èèyàn, kí a ka iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ṣì ń ka nọ́ńbà tí wọ́n fi ń díwọ̀n òkìkí jọ́nà. Mi ò ní sọ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ewu pé kó fi ara rẹ̀ rúbọ. Bí wọ́n bá ní dandan jọ́nà báyìí-báyìí ni, ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, kí ẹ gba ìgbéga yín, kí ẹ sì gbé ẹ̀dà ẹlẹ́ẹ̀kejì sí àká. Ọ̀nà ewé kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ó sì ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́: irinṣẹ́ Unpaywall, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, máa ń wá ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tó bófin mu nínú àwọn àká. Ẹni tó bá fi í sínú ẹ̀rọ rẹ̀, tó sì forí sọ ògiri jọ́nà, á rí àmì àgádágodo tó ṣí, yóò tẹ̀ ẹ́, fáìlì yín á sì jáde.

Ìyẹn kan àwọn àpilẹ̀kọ àtijọ́ pẹ̀lú. Ẹ ṣí ímeèlì yín, ẹ wá ọ̀rọ̀ tí olóòtú fi kí yín kú oríire, kí ẹ wo fáìlì tí ẹ fi ránṣẹ́ kẹ́yìn kó tó kí yín. Èyí tó bá ṣì wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.